Ṣé Ìbéèrè Nìkan Ni Frank Edoho Ń Bèèrè?

Ẹ̀yin ará ilé-ìwé wa, ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé kò sí nǹkan kan nínú kéèyàn jẹ́ atọ́kùn ìdíje ìmọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n: wọ kóòtù, ka ìbéèrè, ó parí. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ wo Frank Edoho. Ẹ̀kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn ló kà ní Yunifásítì Calabar, ó sì ṣiṣẹ́ rédíò. Nígbà tí Who Wants to Be a Millionaire, tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1998, dé Nàìjíríà ní 2004, òun ló tọ́kùn rẹ̀ títí di 2017. Nígbà tí ètò náà padà dé ní 2022, òun náà ni wọ́n tún pè.

Ìbéèrè 15 ni. Mílíọ̀nù 10 náírà lẹ́ni tó bá gba gbogbo rẹ̀ máa ń gbà nígbà náà. Ní 2022, ó di mílíọ̀nù 20. Ìrànlọ́wọ́ mẹ́ta ló wà: kí wọ́n yọ ìdáhùn méjì tí kò tọ̀nà, kéèyàn bi àwọn òǹwòran, tàbí kó pe ọ̀rẹ́ lórí fóònù. Ní 2009, Aroma Ufodike gba mílíọ̀nù 10 náà.

Iṣẹ́ atọ́kùn gan-an wà nínú sùúrù. Bí olùdíje bá dáhùn, atọ́kùn á tún bi í bóyá ìdáhùn rẹ̀ tó kẹ́yìn nìyẹn. Yálà ó gbà á o, kò gbà á o, ó gbọ́dọ̀ bi í. Tó bá jẹ́ ìgbà tó bá ṣì í nìkan ló ń bi í, àṣírí ti tú nìyẹn. Ojú rẹ̀ pàápàá kò gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan.

Èmi ò mọ èyí nígbà tí mo ń béèrè ìbéèrè níbi ìdíje wa ní táàmù tó kọjá. Ọmọ JSS2 kan ní Rio de Janeiro ni olú-ìlú Bràsíl. Kó tó sọ ọ́ tán, mo ti bú sẹ́rìn-ín. Ni gbogbo kíláàsì bá bá mi rẹ́rìn-ín. Àtìgbà yẹn, ọmọ náà kì í nawọ́ mọ́.

Èmi náà ni wọ́n ní kí n tún béèrè ní táàmù yìí. Mo ti bẹ̀ ẹ́, mo sì ní kó wá forúkọ sílẹ̀. Kò tíì dá mi lóhùn. N ò ní kán an lójú. Màá dúró.