Ọta Lè Jìnnà ju Ọdẹ Lọ: Yíyan Ọta Ìbọn àti Ibi Tí Ó Yẹ Kí Ọdẹ Dúró

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé, "Ìbọn lápátí, ìbọn ò lápátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun?" Apátí ni ibi tí ọdẹ ń fi ìka fà tí ìbọn fi ń dún. Ìtumọ̀ òwe náà ni pé kò sí ìbọn tí a lè fi ṣeré, ì báà tilẹ̀ ti bàjẹ́. Ní kíláàsì, ibẹ̀ ni àlàyé wa máa ń parí sí. Ṣùgbọ́n apá kan wà tí a kì í sábà yẹ̀ wò: ẹran inú igbó náà kò fẹ́ kí a kọjú ìbọn sí òun, kò sì ní ẹnu tí yóò fi bẹ̀bẹ̀. Ọdẹ ni yóò bá a rò ó.

Ohun tí ó mú mi kọ èyí ni ìbéèrè àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n ń rí fídíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ òkèèrè ti ń yìnbọn pa ẹran láti 800 mítà, wọ́n sì ń fẹ́ mọ irú ọta tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà, níbi tí ènìyàn ti lè ra ráífù ọdẹ, ń bèèrè pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí á gbé e yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣakabùlà àti kátíríìjì

Ìbọn ṣakabùlà ni a bá lọ́wọ́ àwọn baba wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Orúkọ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì ni àwọn Òyìnbó fi ń pè é, nítorí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ náà wà lára àwọn tí ó ń kó o wá tà ní etíkun wa láyé àtijọ́. Ẹnu rẹ̀ ni a ti ń kì í. Ẹ̀tù ni ó kọ́kọ́ ń wọlé, lẹ́yìn náà ohun tí a fi dí i, lẹ́yìn náà ọta, a ó sì fi ọ̀pá gún wọn kí wọ́n le. Ọta rẹ̀ lè jẹ́ òjé róbótó, ó sì lè jẹ́ irin wẹ́wẹ́. Inú ọ̀pá ìbọn náà kò ní ìlà kankan, nítorí náà kò sí ohun tí ó ń tọ́ ọta sọ́nà bí ó bá ti jáde. Ọdẹ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í yìn ín sí ẹran tí ó jìnnà ju nǹkan bí ọgbọ̀n tàbí ogójì ìṣísẹ̀ lọ. Igbó wa náà kò sì fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: láàárín igi àti ìtàkùn, ojú kì í ríran jìnnà.

Ìbọn oníkátíríìjì sàn díẹ̀. Bí nọ́ńbà ara kátíríìjì bá ṣe ga tó ni ọta inú rẹ̀ ń kéré tó. Ọta wẹ́wẹ́ ni ti ẹyẹ, ọta ńláńlá ni ti àgbọ̀nrín. Bí wọ́n bá ti ń lọ ni wọ́n ń fọ́n ká. Nígbà tí ọta wẹ́wẹ́ bá fi rìn dé 40 mítà, wọ́n ti lè fẹ̀ ju mítà kan lọ, agbára wọn sì ti ń tán. Ẹran tí ó bá gba ẹyọ méjì péré nínú wọn yóò sá lọ, yóò sì lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i.

Ráífù

Inú ọ̀pá ráífù ní ìlà tí a gbẹ́ yípo. Ìlà yìí ni ó ń mú kí ọta máa yí. Bí òkòtó tí ó ń yí ṣe ń dúró ṣánṣán, bẹ́ẹ̀ ni ọta tí ó ń yí kì í ta gìrọ́gìrọ́ lójú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí ráífù fi ń mú ohun tí ó jìnnà.

Àwa Ìjẹ̀bú mọ ohun tí ìbọn tí ọwọ́ rẹ̀ gùn lè ṣe. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ wá, wọ́n sì bá àwọn baba wa jà ní odò Yemoji àti ní Ìmagbọ̀n. Ráífù àti ìbọn Maxim ni wọ́n gbé wá. Akin kò wọ́n ní Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ ọ̀tá wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀kọ́ kan ni mo fẹ́ fà yọ níbẹ̀: ẹni tí ó ń yìnbọn láti òkèèrè kì í rí ojú ẹni tí ó ń pa. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lójú ogun, ó rí bẹ́ẹ̀ nínú igbó.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọta lójú ọ̀nà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọta ń lọ tààrà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ó bá ti jáde ni ilẹ̀ ti ń fà á sísàlẹ̀, bí ó ti ń fa òkúta tí a jù. Ọta ráífù .308, tí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà, ń lo nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kí ó tó dé 400 mítà. Kí ó tó dé ibẹ̀, ó ti já wálẹ̀ ju mítà kan lọ sí ibi tí ẹnu ìbọn kọjú sí. Ẹni tí ó bá mọ bí ẹran ṣe jìnnà tó ní pàtó lè fi awò orí ìbọn ṣàtúnṣe ìyẹn. Atẹ́gùn tún ń tì í sí ẹ̀gbẹ́, atẹ́gùn ibi tí ọdẹ dúró sì lè yàtọ̀ sí ti ibi tí ẹran wà.

Ṣùgbọ́n ẹran fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rọ kankan kò lè ṣírò. Ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ti tó fún àgbọ̀nrín láti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ọta tí a fi wá ọkàn yóò wá lọ bá ìfun.

Yíyan ọta

Oríṣi ọta ráífù mẹ́ta ni ó yẹ kí á mọ̀. Èkíní ni èyí tí bàbà bo orí rẹ̀ pátápátá, irú ti àwọn ológun. Ó lè gba ara ẹran kọjá lójú ihò kékeré, kí ẹran náà sì máa sá lọ. Èkejì ni èyí tí orí rẹ̀ rọ̀ tàbí tí ó ní ihò lórí. Bí ó bá kan ara, orí rẹ̀ á là bí olú, á sì pa ẹran kíákíá. Ẹ̀kẹta ni ọta ìdíje, tí a ṣe láti lu páálí. Ó ń lọ tààrà, ṣùgbọ́n kò dájú ohun tí yóò ṣe nínú ara ẹran.

Ohun kan wà níbí tí ó yẹ kí á ronú sí. Ní ọdún 1899, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní ìlú The Hague, wọ́n sì fi òfin de ọta tí ó ń là nínú ara ènìyàn lójú ogun, nítorí pé ìkà ni. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Ẹ́ńgìláǹdì, òfin àgbọ̀nrín ti ọdún 1991 sọ pé irú ọta tí orí rẹ̀ rọ̀ tàbí tí ó ní ihò ni kí ọdẹ máa fi ráífù yìn sí àgbọ̀nrín. Ohun tí ó jẹ́ ìkà lójú ogun ni ó jẹ́ àánú nínú igbó. A kò fẹ́ kí ẹran jẹ̀rora. A fẹ́ kí ó kú lẹ́ẹ̀kan.

Ọta tí ó ń là yìí ní ìwọ̀n tirẹ̀. Eré ni ó ń mú un là. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fẹ́ kí eré wọn ṣì tó nǹkan bí 550 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nígbà tí wọ́n bá kan ẹran. Ọ̀pọ̀ ọta .308 ti ń sún mọ́ ibẹ̀ ní 400 mítà. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọta rere á di ọta ológun: á wọlé, á jáde, kò ní là. Àwọn kan wà tí a ṣe kí wọ́n lè là nígbà tí eré bá ti dínkù, ṣùgbọ́n bí a bá yìn wọ́n láti itòsí, wọ́n lè fọ́ yángá lójú awọ, kí wọ́n má dé ọkàn. Kò sí ọta kan tí ó dára níbi gbogbo.

Ibi tí ó yẹ kí ọdẹ dúró

Ẹ jẹ́ kí ọdẹ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta kí ó tó fa apátí.

Èkíní: ǹjẹ́ mo lè lù ú? Ẹ gé páálí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, nítorí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró àgbọ̀nrín kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yìnbọn sí i lẹ́ẹ̀marùn-ún bí ẹ ṣe máa ń dúró nínú igbó, láìfi ìbọn ti tábìlì. Ibi tí márààrún ti wọlé ni òpin yín. Bí ẹyọ kan bá tàsé, ẹ sún mọ́ ọn.

Èkejì: kí ni ó wà lẹ́yìn ẹran? Ọta ráífù lè rìn ju kìlómítà mẹ́ta lọ. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, oko kò jìnnà sí abúlé, ọ̀nà àwọn ọlọ́pẹ sì wà káàkiri. Ní òru ni ó burú jù, nígbà tí ojú méjì tí ó ń dán nínú iná ọdẹ lè jẹ́ ti ewúrẹ́ ará abúlé, tí igbó tí ó mì sì lè jẹ́ ọdẹ mìíràn. Ẹni tí kò bá rí ara ẹran kedere kò gbọ́dọ̀ yìnbọn.

Ẹ̀kẹta: bí mo bá ṣe é léṣe, ǹjẹ́ mo lè tọpa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé ibi tí ó bá ṣubú sí? Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ẹran tí ọdẹ ṣe léṣe, tirẹ̀ ni títí yóò fi rí i. Láti 400 mítà, ó lè má tilẹ̀ mọ ibi tí ẹran dúró sí nígbà tí ọta bà á.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tiwa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Boone and Crockett tí Theodore Roosevelt dá sílẹ̀ ní ọdún 1887 ti ń kọ́ni láti ọjọ́ pípẹ́ pé ọdẹ gbọ́dọ̀ fún ẹran láàyè láti lè bọ́ lọ́wọ́ òun.

Òjé inú ẹran, àti òfin

Òwe kan sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ. Ṣùgbọ́n ọdẹ ń fúnni jẹ, ìdí nìyí tí ọta rẹ̀ fi kan gbogbo wa. Ọta òjé máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ nínú ẹran, májèlé sì ni òjé, pàápàá fún ọmọdé. Ní ọdún 2010, òjé láti ibi ìwakùsà góòlù pa ọ̀pọ̀ ọmọdé ní ìpínlẹ̀ Zamfara. Ní California, wọ́n ti fi òfin de ọta òjé fún gbogbo iṣẹ́ ọdẹ láti ọdún 2019. Bàbà ni ọ̀pọ̀ ń lò níbẹ̀ báyìí. Ẹni tí ó bá ṣì ń lo òjé, kí ó gé ẹran yíká ojú ọgbẹ́ dànù, kí ó má sì ṣàánú rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 kò gba ará ìlú láyè láti ní ráífù ológun, ṣakabùlà pàápàá sì ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Bákan náà, igbó Omo wà nítòsí wa, ní Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, tí UNESCO ti kà mọ́ àwọn igbó pàtàkì àgbáyé láti ọdún 1977. Erin ṣì wà níbẹ̀. Ní ọdún 2021, àjọ IUCN kéde pé irú erin igbó bẹ́ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Kò sí ọta tí ó yẹ fún wọn, bó ti wù kí wọ́n sún mọ́ni tó.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bèèrè ọta tí ó lè lọ jìnnà, ó wà. Ẹsẹ̀ yín ni ẹ kọ́kọ́ lò. Ẹ kọ́ bí a ti ń rìn tí ewé gbígbẹ kò ní dún, ẹ kọ́ bí a ti ń mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí ẹ sún mọ́ ẹran títí ẹ ó fi rí mímí rẹ̀. Bí ẹ kò bá lè sún mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí ó lọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀la ṣì ń bọ̀, igbó kò lọ sí ibì kan.