Àbàwọ́n Ara Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Pákó

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá nínú ilé, kì í ṣe gbogbo ilé ní Eggua àti agbègbè rẹ̀ ni ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ onípákó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi owó ra pákó ìrókò tàbí apá, tí káfíńtà sì kùn ún ní àwọ̀ dáradára, kì yóò fẹ́ kí àbàwọ́n bò ó lẹ́yìn òjò ọdún kan péré. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, àwọn ẹlòmíràn a máa bú káfíńtà, wọn a sì tú pákó tí ó ṣì le koko dànù. Ó sàn kí a kọ́kọ́ wádìí, nítorí ọ̀ràn tí ó bá ṣú òkùnkùn, à bẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ ni.

Ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń fa àbàwọ́n náà. Èkínní ni irin. Oje kan wà nínú igi bí ìrókò àti apá, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní tannin. Bí omi bá mú kí ìṣó dógùn-ún, oje yìí àti irin a dàpọ̀, wọn a sì dúdú bíi tàdáwà. Ọ̀nà yìí náà ni àwọn oníṣẹ́ aṣọ ilẹ̀ Mali ń gbà ṣe bogolan: wọn a rẹ aṣọ sínú omi ewé, wọn a sì fi ẹrẹ̀ tí irin wà nínú rẹ̀ ya ọnà sí i. Nítorí náà, bí dúdú bá yí orí ìṣó ká, irin ni. Èkejì ni ohun híhù, irú èyí tí ń mú kí búrẹ́dì hùkasí. Ibi ọ̀rinrin tí òòrùn kì í dé ni ó fẹ́ràn. Ẹ̀kẹta ni òòrùn, tí ń sọ ojú pákó di aláwọ̀ eérú.

Ẹ kán Jik díẹ̀ sí ojú kan ní kọ̀rọ̀. Bí dúdú náà bá ṣí láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, ohun híhù ni: ẹ fi Jik tí a bu omi là fọ̀ ọ́, kí ẹ sì ṣàn án dáradára. Bí kò bá ṣí, tí ó sì wà létí ìṣó, ẹ ṣan Jik náà kúrò pátápátá, ẹ jẹ́ kí pákó gbẹ. Nígbà náà ni kí ẹ fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á, kí ẹ sì tún fi omi ṣàn án. Èyí tí òòrùn bàjẹ́, sáńpépà ni kí ẹ fi ha á. Ẹ má ṣe lo kànrìnkàn onírin, nítorí ẹ̀rún rẹ̀ yóò dógùn-ún, yóò sì dá àbàwọ́n mìíràn sílẹ̀.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe da Jik àti ọsàn wẹ́wẹ́ pọ̀ láé. Afẹ́fẹ́ olóró tí a ń pè ní chlorine ni yóò jáde, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ ní Ypres ní ilẹ̀ Belgium ní ọjọ́ 22 oṣù April, 1915, tí ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà sí iṣẹ́ náà.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá mọ́, ẹ ní kí káfíńtà fi ìṣó tí a fi síńkì bò rọ́pò ti àtijọ́. Ẹ dúró de ọjọ́ ọ̀gbẹlẹ̀ tí pákó yóò gbẹ dénú, kí ẹ tó tún un kùn. Ẹni tí ó bá tọ́jú pákó rẹ̀ báyìí kò ní tètè ra òmíràn.