Iná, Omi àti Ikú Bátìrì: Ọ̀rọ̀ Olójú-Méjì Nínú Iṣẹ́ Ṣáàjì

Ẹ̀rọ tí rẹwáyà kan ní Sábó, ìbáà ṣe ti Ọ̀yọ́ tàbí ti Ògbómọ̀ṣọ́, fi ń ṣáàjì bátìrì ọkọ̀ lè jẹ́ àfọwọ́ṣe: àpótí irin kan, tiransifọ́mà nínú rẹ̀, dáyóòdù mẹ́rin, fíùsì, àti wáyà nínípọn méjì tí ẹ̀mú wà lórí wọn. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ ṣàlàyé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní èdè Yorùbá yóò rí i pé àìsí ọ̀rọ̀ kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu àwọn oníṣẹ́. Ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú wọn, iná, omi àti kú, ní ìtumọ̀ méjì méjì, ibi tí a ti ṣi ọ̀kan mú fún èkejì sì ni bátìrì ti ń bàjẹ́, tí ojú ènìyàn sì lè fọ́.

Kí a kọ́kọ́ mú iná. “Fi iná sí i” ni olùtumọ̀ lè rò fún ṣáàjì, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ní kí ó fi iná sí bátìrì lè ṣá ìṣáná. Ṣáàjì tí àwọn oníṣẹ́ ń lò sàn jù. Síbẹ̀, iná mànàmáná pàápàá kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí ń wọ ilé, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè ní iná NEPA bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ náà ti pa orúkọ dà ní 2005, jẹ́ iná àlọ-àbọ̀: 230 fóòtì tí ń lọ tí ó sì ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohun tí àlọ rẹ̀ bá kó sínú bátìrì ni àbọ̀ rẹ̀ yóò kó jáde. Iná àlọ-láìbọ̀ ni bátìrì ń fẹ́. Tiransifọ́mà a sọ 230 fóòtì di nǹkan bí 15. Dáyóòdù, tí í ṣe ìlẹ̀kùn tí kì í ṣí ju sí apá kan lọ, a sì dí ojú àbọ̀. Bí fíùsì bá ń já nígbà tí a kò tíì so bátìrì kankan mọ́ ẹ̀rọ, ó ṣeé ṣe kí ìlẹ̀kùn kan ti ya, kí ó máa ṣí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí ṣáàjì bá ń falẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó lè jẹ́ pé ọ̀kan ti tì pa.

Omi ni ó léwu jù. Lẹ́nu oníbàárà, omi bátìrì ni ohunkóhun tí a lè rọ sínú bátìrì. Bátìrì olójé, irú èyí tí Gaston Planté ará Faransé kọ́kọ́ ṣe ní 1859, ní òjé tí ó rì sínú omi tí a pò mọ́ ásíìdì imí-ọjọ́. Nígbà tí ṣáàjì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, tí fóòtì bá ti tó 14.4, bátìrì a máa hó. Híhó yìí kì í ṣe ti ìkòkò orí ààrò: omi ni iná ń pín sí háídírójìn àti ọ́ksíjìn, tí méjèèjì sì ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Ásíìdì kò lọ síbì kankan. Nítorí náà, omi nìkan ni a gbọ́dọ̀ fi dípò, omi tí a sè di ooru tí a sì mú padà di omi, kì í ṣe ti kànga. Ẹni tí ó bá rọ ásíìdì sí i fi oró kún oró, ó sì ba ẹ̀rí jẹ́ pẹ̀lú. Nítorí háídírómítà, tí ó ń ka nǹkan bí 1.27 nínú bátìrì tí ó kún, tí ó sì ń ka nǹkan bí 1.12 nínú èyí tí iná rẹ̀ tán, yóò léfòó sókè, yóò sì jẹ́rìí sí kíkún tí kò sí. Ó yẹ kí ìwé ẹ̀kọ́ fi “omi bátìrì” mọ sórí omi nìkan, kí ásíìdì máa jẹ́ ásíìdì.

Háídírójìn náà a máa bú gbàù bí iná bá ta sí i. Ìdí nìyí tí a fi ń fi ẹ̀mú mú orí bátìrì kí a tó tan ẹ̀rọ, tí a sì ń pa ẹ̀rọ kí a tó yọ ẹ̀mú. Ẹ̀rọ àfọwọ́ṣe bí èyí kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dáwọ́ dúró. Ẹni tí ó tàn án ni yóò ṣọ́ ọ. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ìwọ̀n tí ó dára: áńpíà 6 fún bátìrì 60, fún wákàtí 10 sí 12 bí ó bá ti gbẹ pátápátá.

Ní ti kú, “bátìrì ti kú” lè túmọ̀ sí pé iná rẹ̀ tán, ó sì lè túmọ̀ sí pé kò ṣeé jí mọ́. Ṣáàjì ni ó ń là wọ́n. Yàrá mẹ́fà ni ó wà nínú bátìrì 12 fóòtì, 2.1 sì ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ṣáàjì rẹ̀ tán tí a sì jẹ́ kí ó sinmi fún wákàtí mélòó kan, tí mítà ka 12.6, iná rẹ̀ ni ó ti tán tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ka 10.5, yàrá kan ti kú nínú mẹ́fà, ẹ̀rọ inú àpótí irin kò sì lè jí i.