Ẹrù ayàwòrán ní ọdún 1930

Lónìí, bí ọmọ bá fẹ́ ya àwòrán ìyá rẹ̀, yóò fa tẹlifóònù yọ nínú àpò, yóò fi ìka kàn án, iṣẹ́ parí. Ní ayé àwọn bàbá wa àgbà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kí a tó ya àwòrán kan ṣoṣo, ó gba àpótí, ó gba igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó gba aṣọ dúdú àti dígí. Ẹ jẹ́ kí á tú ẹrù náà wò, nítorí pé àwọn àwòrán tí a fi irú rẹ̀ yà ní ilẹ̀ wa ṣì wà títí di òní.

Àlejò kan ní Dàhòmè

Ní ọdún 1909, ọlọ́rọ̀ kan tí ó ní báńkì ní Paris, Albert Kahn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan. Ó fẹ́ kó àwòrán ìgbé ayé àwọn ènìyàn jọ kí ayé tó yí padà. Ó pe iṣẹ́ náà ní «Archives de la Planète», èyí ni àkójọ ìrántí ayé. Ó ń rán àwọn ayàwòrán lọ sí orílẹ̀-èdè púpọ̀.

Ní ọdún 1930, ó kan Dàhòmè, tí à ń pè ní Benin lónìí. Frédéric Gadmer ni Kahn rán wá. Àlùfáà ìjọ Àgùdà kan, Francis Aupiais, ni wọ́n jọ rìn. Aupiais ti dé ilẹ̀ yìí láti ọdún 1903, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Láàrin oṣù díẹ̀, àwòrán aláwọ̀ tí wọ́n yà lé ní 1 000. Wọ́n tún ya sinimá pẹ̀lú.

Kí ni ó wà nínú ẹrù náà?

Àwòrán wọ̀nyí kì í ṣe ti bébà. Orí dígí pẹlẹbẹ ni wọ́n wà. Dígí kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 12, ó sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 9. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní láti kó nǹkan márùn-ún dání.

Èkíní ni ẹ̀rọ ìyàwòrán. Àpótí ni. Iwájú rẹ̀ ní ojú tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni dígí ń wà. Ohun tí ó so méjèèjì pọ̀ a máa nà, a sì máa súnkì, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Báyìí ni ayàwòrán ṣe ń sún ojú ẹ̀rọ síwájú tàbí sẹ́yìn títí àwòrán yóò fi mọ́ kedere.

Èkejì ni igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ̀rọ ń dúró lé. Dígí aláwọ̀ lọ́ra púpọ̀ láti gba ìmọ́lẹ̀. Nínú oòrùn gan-an, ó lè gba ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ọwọ́ tí ó lè gbé àpótí dání fún ìgbà bẹ́ẹ̀ kí ó má gbọ̀n. Ẹni tí à ń yà pàápàá kò gbọdọ̀ mira. Bí ó bá yí orí, ojú rẹ̀ yóò di bàìbàì. Sùúrù ni baba ìwà: ayàwòrán nílò rẹ̀, ẹni tí à ń yà náà nílò rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni aṣọ dúdú. Ayàwòrán á fi bo orí rẹ̀ àti ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Nínú òkùnkùn yẹn ni yóò ti rí àwòrán lórí dígí kan tí a ha títí tí kò fi mọ́ gaara mọ́. Ṣùgbọ́n àwòrán náà dojú dé: orí wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ wà lókè, ọ̀tún ti di òsì. Ó ní láti kọ́ bí a ti ń kà á, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti kọ́ lẹ́tà.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn dígí tí yóò gba àwòrán. Inú àpò líle tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀ ni wọ́n ń gbé. Wọ́n wúwo, wọ́n sì ń fọ́. Dígí kan, àwòrán kan. Bí èyí bá fọ́, kò sí òmíràn bí i rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni dígí kékeré aláwọ̀ ìyeyè tí a ń fi sí ojú ẹ̀rọ. Bí kò bá sí i, àwọ̀ aró yóò borí gbogbo àwọ̀ yòókù.

Àwọ̀ láti inú ànàmọ́ òyìnbó

Níbo ni àwọ̀ ti wá? Àwọn ará Lumière, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ní ìlú Lyon, ni wọ́n ṣe é. Ọdún 1907 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Wọ́n mú ìyẹ̀fun ànàmọ́ òyìnbó, wọ́n pa á láró ní ọ̀nà mẹ́ta: àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró. Wọ́n pò ó pọ̀, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí dígí. Hóró rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú àwọn hóró yìí kọjá, ìyẹn ni ó ń fún àwòrán ní àwọ̀.

Ohun tí ẹrù náà kò lè gbé

Àwọn dígí náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Albert-Kahn, ní Boulogne-Billancourt, lẹ́bàá Paris. Àwọ̀ ìró àti gèlè kò parẹ́ lórí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè gbọ́ orúkọ. Dígí lè fi ojú ènìyàn hàn wá. Kò lè sọ ọmọ ẹni tí ó jẹ́.

Ìyá kan mú àwòrán àtijọ́ wá sí kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà wa. Ọkùnrin méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Ó mọ ọ̀kan: bàbá rẹ̀ ni. Kò mọ ẹnì kejì, àwọn tí ó lè sọ fún un sì ti kú. A yí àwòrán náà padà, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Ní ọjọ́ yẹn, ó kọ orúkọ bàbá rẹ̀ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní: «Ká ní mo ti mọ̀ ọ́n kọ nígbà tí ìyá mi wà láàyè.»

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ kó àwòrán ilé yín jáde. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ má tẹ̀ ẹ́ jù: orúkọ, ìlú, ọdún. Pẹ́ńsùlù kò wúwo rárá, ṣùgbọ́n ó lè gbé ohun tí gbogbo ẹrù ayàwòrán kò lè gbé.