Nicodemus: Ìlú Tí Àwọn Tó Bọ́ Lóko Ẹrú Tẹ̀ Dó ní Kansas

Nicodemus, ìlú kékeré kan ní káúńtì Graham ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kansas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kò ní ju ènìyàn 14 lọ nígbà tí ìjọba ṣe ètò ìkànìyàn ọdún 2020. Síbẹ̀, nínú àwọn ìlú tí aláwọ̀ dúdú tẹ̀ dó sí ìwọ̀-oòrùn odò Mississippi lẹ́yìn tí wọ́n bọ́ lóko ẹrú, òun ni ó pẹ́ jù lọ tí ènìyàn ṣì ń gbé inú rẹ̀ títí di òní. Ohun tí ó sọ ọ́ di kékeré bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀ràn tí ó yẹ kí a tọ́ ìdí rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ẹ̀bi rẹ̀ kò sí lọ́rùn àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó.

Lẹ́yìn Ogun Abẹ́lé tí ó parí ní 1865, ìjọba àpapọ̀ fi ọmọ ogun sí àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù láti dáàbò bo àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, sáà náà ni àwọn òpìtàn sì ń pè ní Reconstruction, èyí tí í ṣe sáà àtúntò. Sáà yìí dópin ní 1877, agbára padà sọ́wọ́ àwọn òyìnbó tí wọ́n ti ń kó ẹrú tẹ́lẹ̀, ìdẹ́rùbà àti ìpànìyàn sì gbilẹ̀. Kentucky, tí kò tilẹ̀ bá àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù yapa, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù wọ́n lọ fún aláwọ̀ dúdú. Ní ọdún náà gan-an ni W. H. Smith, tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, àti W. R. Hill, òyìnbó tí ó ń ṣòwò ilẹ̀, dá ilé iṣẹ́ ìtẹ̀lúdó kan sílẹ̀, tí wọ́n sì fi ìwé ìpolongo ránṣẹ́ sí àwọn ará Kentucky. Òfin Homestead ti 1862 ni wọ́n gbára lé, òfin tí ó fún olórí ìdílé ní ilẹ̀ éékà 160 bí ó bá lè gbé orí rẹ̀ kí ó sì dáko síbẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Ẹni tí wọ́n ti fi ipá mú ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn láti kékeré mọ iyì irú ìlérí bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1877, nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn wọ ọkọ̀ ojú irin láti agbègbè Georgetown ní Kentucky dé ìlú Ellis ní Kansas, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rin èyí tí ó kù. Ohun tí wọ́n bá kò jọ ohun tí wọ́n kà nínú ìwé ìpolongo rárá. Igi tí wọn ìbá fi kọ́lé kò sí ní pápá gbalasa náà, nítorí náà wọ́n gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀, wọ́n bò ó lórí, wọ́n sì ń gbé ibẹ̀. Willianna Hickman, tí ó dé ní 1878, rántí nígbà tí ó ti darúgbó pé nígbà tí òun béèrè ibi tí ìlú wà, èéfín tí ń rú jáde láti inú ilẹ̀ ni ọkọ òun nawọ́ sí, tí òun sì bú sẹ́kún. Ọ̀pọ̀ ìdílé padà sẹ́yìn lójú ẹsẹ̀. Àwọn tí ó dúró sọ ọ́ fún ọmọ wọn pé ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́, àwọn Osage, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ àtayébáyé, ń ti oko ọdẹ bọ̀, wọ́n sì fún àwọn lóúnjẹ.

Láàárín ọdún mẹ́wàá, ìlú gbèrú: ó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìtura, ilé ìtajà àti ìwé ìròyìn méjì. Edwin McCabe, ọ̀kan nínú àwọn ará ibẹ̀, wọlé ìbò ní 1882 gẹ́gẹ́ bí olùṣàyẹ̀wò ìṣirò owó ìpínlẹ̀ Kansas.

Ojú irin ni ó pa ìlú náà lára. Àgbẹ̀ tí ó gbin àlìkámà kò lè rí èrè bí kò bá rí ọ̀nà kó o dé ọjà, nítorí náà ni àwọn ará ìlú ṣe dìbò ní 1887 pé kí a yá 16,000 dọ́là láti fi fa ilé iṣẹ́ ojú irin Missouri Pacific wá, ṣùgbọ́n kò wá. Ní 1888, ojú irin ti ilé iṣẹ́ mìíràn, Union Pacific, gba ìhà gúúsù odò Solomon kọjá, ìlú tuntun tí ń jẹ́ Bogue sì hù síbẹ̀. Àwọn oníṣòwò kó ẹrù wọn, àwọn mìíràn kó ilé pẹ̀lú, wọ́n sì sọdá. Ọ̀dá àti ìdàrúdàpọ̀ ọrọ̀ ajé ti ẹ̀wádún 1930 wá bá ìlú tí ó ti rẹ̀: ènìyàn 76 ni ó kù ní 1935, 16 ní 1950, ilé ìfìwéránṣẹ́ sì ti ìlẹ̀kùn ní 1953.

Síbẹ̀, àjò kì í dùn kí onílé má relé. Lọ́dọọdún, ní ìparí oṣù Keje, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àrọ́mọdọ́mọ àwọn olùtẹ̀dó ń padà wá ṣe àjọ̀dún ìdásílẹ̀ àwọn ẹrú, èyí tí wọ́n gbé ka orí 1 oṣù Kẹjọ 1834, ọjọ́ tí òfin ìdásílẹ̀ ẹrú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àwọn erékùṣù tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọ̀nyí ni ọ̀pá tí ó yẹ kí a fi wọn ìlú náà, nítorí pé ìkànìyàn kò rí wọn. Láti 1996 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń tọ́jú ilé àtijọ́ márùn-ún ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi ìtàn orílẹ̀-èdè. Kí ọmọ Yorùbá tí ó bá ń gbé ní Denver tàbí Kansas City gbìyànjú láti dé ibẹ̀, kí ó sì mú àwọn ọmọ rẹ̀ dání.