Bí Ara Bá Ń Gbóná Lágbàlagbà: Kí Ni Egbòogi Ṣáínà Lè Ṣe?

Ọjà ni ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èrò láti Àpápá lọ sí Snake Island. Kí ọkọ̀ tó ṣí, oníbúrẹ́dì á ti polówó, elẹ́pà á ti polówó, olóògùn náà á sì dìde. Inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àbúrò ìyá mi, ẹni ọdún 51 tó ń tajà ní Ajégúnlẹ̀, ti ra páálí tíì kan tí wọ́n kọ èdè Ṣáínà sí lára.

Ó ti tó oṣù mélòó kan tí Àǹtí mi kò ti rí oorun sùn dáadáa. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ooru á ṣàdédé bò ó láti àyà dé orí, òógùn á sì rin aṣọ rẹ̀ gbingbin. Nǹkan oṣù rẹ̀ náà ti ń fo oṣù. Olóògùn ní ara rẹ̀ ni kò dọ́gba mọ́, àti pé tíì náà yóò dá a padà sí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí.

Tútù àti gbígbóná

Ní ìlànà ìwòsàn àwọn ará Ṣáínà, agbára méjì ló ń gbé ara ró: yin, tó jẹ́ tútù àti ọ̀rinrin, àti yang, tó jẹ́ gbígbóná àti ìgbòkègbodò. Wọ́n gbà pé bí ènìyàn ṣe ń dàgbà, yin inú kíndìnrín a máa dínkù, gbígbóná a sì borí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní Liu Wei Di Huang Wan, àpòpọ̀ egbòogi mẹ́fà tí gbòǹgbò rehmannia jẹ́ olórí wọn. Ọmọdé ni Qian Yi, oníṣègùn tó ni àpòpọ̀ náà, kọ́kọ́ pò ó fún. Ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1119.

Èrò yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Nínú ìwé Yoruba Medicine tó jáde ní 1985, Anthony Buckley ṣàlàyé pé àwọn oníṣègùn wa gbà pé kòkòrò àti aràn wà nínú ara gbogbo ènìyàn, wọ́n sì wúlò. Ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ kọjá ààyè wọn ni àìsàn dé.

Ẹ má ṣe rò pé ẹ̀tàn ni gbogbo egbòogi Ṣáínà. Ara ewé qinghao ni Tu Youyou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti yọ artemisinin, oògùn ibà tó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2015. Láti 2005 ni Nàìjíríà ti fi àwọn oògùn tó ní irú rẹ̀ nínú ṣe ààyò fún ìtọ́jú ibà. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ ọ́, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì dán an wò kí ó tó dé ọwọ́ wa.

Ohun tó wà nínú páálí

Àǹtí mi ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀. Kò sọ fún olóògùn, olóògùn kò sì bi í. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Òru ni orí fífọ́ náà le jù, omi sì wà láàárín erékùṣù àti ilé ìwòsàn ńlá. A jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó jẹ́ 182 lórí 110.

Mo fi fóònù túmọ̀ ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Gancao wà níbẹ̀, gbòǹgbò aládùn tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní licorice. Inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpòpọ̀ Ṣáínà ni wọ́n máa ń fi í sí, kí ó lè mú àwọn egbòogi yòókù rẹ́. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá mu ún jù, ara a máa di iyọ̀ àti omi mú, pọtásíọ̀mù a máa dínkù, ẹ̀jẹ̀ a sì ru sókè. N kò lè búra pé òun nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n dókítà ní kí ó dá tíì náà dúró, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn àgbà ní oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Lónìí, ewé tó lé ni ó ń bà wá lẹ́rù. Danggui àti ginseng lè da iṣẹ́ warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, rú. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àṣìmú egbòogi Ṣáínà kan fún òmíràn ba kíndìnrín àwọn obìnrin tó lé ní 100 jẹ́. Wọ́n kàn fẹ́ fọn ni.

Kí ẹ tó ṣí i

Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, kí ẹ sì rí i pé Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ lè kà wà lára rẹ̀. Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ń mu, àti àgbo ilé pàápàá, lọ han dókítà. Ẹ má ṣe fi tíì rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ. Bí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró fún ọdún kan, tí ẹ̀jẹ̀ sì tún yọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.

Ooru náà kò tíì fi Àǹtí mi sílẹ̀ pátápátá. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó tún ra páálí mìíràn nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ó gbé e lọ han nọ́ọ̀sì kí ó tó ṣí i.