Ìdin Tí Ń Jẹ Gbòǹgbò Koríko

Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí koríko bá hù sí ojúde ẹni, ọkọ́ ni a fi ń yọ ọ́, kí àlejò má baà pe onílé ní ọ̀lẹ. Ní Amẹ́ríkà, kò rí bẹ́ẹ̀. Koríko ni ẹ̀yẹ iwájú ilé níbẹ̀: wọn a gbìn ín, wọn a bomi rin ín, wọn a sì máa gé e déédéé. Nítorí náà, bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ níhìn-ín lọ́hùn-ún ní oṣù kẹjọ tàbí oṣù kẹsàn-án, tí omi kò sì mú un sọjí, ìdààmú a bá onílé.

Abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀tá náà ń gbé. Ìdin ni. Ẹni tí ó bá ti tú ààtàn tàbí ìtí ọ̀pẹ tí ó jẹrà rí yóò mọ irú rẹ̀: ara rẹ̀ funfun, orí rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà nítòsí orí, a sì máa ká kò bí ẹni tí òtútù mú. Ti inú koríko yìí kéré sí ti ààtàn. Bí ó bá dàgbà tán, kò ju nǹkan bí íǹṣì kan lọ.

Olókìkí jù nínú wọn ni ọmọ kòkòrò kan tí ó jẹ́ ìbátan yímíyímí, tí wọ́n ń pè ní kòkòrò Jàpáànù. Ara kòkòrò yìí ń dán bí ewé tútù, ìyẹ́ rẹ̀ sì dàbí bàbà. Ní 1916 ni a kọ́kọ́ rí i ní Amẹ́ríkà, nítòsí Riverton ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Ní ilẹ̀ tirẹ̀, àwọn ọ̀tá rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó gbilẹ̀. Ní ilẹ̀ àjèjì, kò rí ẹni mú un. Ní nǹkan bí oṣù keje, abo rẹ̀ a wọnú ilẹ̀ lọ yé ẹyin. Ó lè yé 40 sí 60 kí ó tó kú. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹyin a pa, àwọn ọmọ a sì dojú kọ gbòǹgbò.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo koríko gbígbẹ ni ìdin jẹ. Ọ̀dá lè fà á, àrùn lè fà á. Ìtọ̀ ajá pàápàá a máa pa koríko. Di èyí tí ó gbẹ mú, kí o sì fà á. Bí ìdin bá ti jẹ gbòǹgbò rẹ̀, yóò ṣí kúrò nílẹ̀ bí ẹní tí a ń ká. Lẹ́yìn náà, fi ọkọ́ gé ilẹ̀ tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú àti lóròó, ṣí i, kí o sì ka ìdin tí ó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, koríko tí ara rẹ̀ le yóò fara dà á. Bí wọ́n bá ju mẹ́wàá lọ ni ìjà tó bẹ̀rẹ̀.

Ìjà náà sì gba ọgbọ́n, nítorí pé oògùn tí ń pa ìdin lè pa ohun tí ń jẹ ìdin. Ní 1954, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ òfuurufú da oògùn dieldrin sílẹ̀ ní àyíká Sheldon ní ìpínlẹ̀ Illinois, láti pa kòkòrò Jàpáànù run. Àwọn ẹyẹ kú, ológbò inú oko kú lọ́pọ̀lọpọ̀, kòkòrò náà sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Rachel Carson ròyìn ọ̀ràn yìí nínú ìwé rẹ̀, Silent Spring, ní 1962. Ìjọba ti fòfin de oògùn náà lẹ́yìn ìgbà náà.

Ọ̀nà tí ó sàn jù wà. Ẹyin kòkòrò yìí kì í yè dáadáa nínú ilẹ̀ gbígbẹ, nítorí náà àwọn mìíràn a dẹ́kun bíbomi rin koríko ní oṣù keje. Àwọn aràn tín-ín-tín kan tún wà tí a ń pò mọ́ omi wọ́n sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé oòrùn a máa pa wọ́n. Wọn a wọ inú ìdin lọ, wọn a sì pa á. Àrùn kan pẹ̀lú wà, tí a rí ní New Jersey ní 1933, tí ń sọ omi ara ìdin di funfun bí wàrà. Láti 1939 di 1953 ni ìjọba fi ń pín ìyẹ̀fun rẹ̀ káàkiri. Kì í pa ènìyàn tàbí ẹyẹ lára, ṣùgbọ́n ó lọ́ra, àwọn olùwádìí òde òní kò sì gbẹ́kẹ̀ lé e tó ti àtijọ́.

Èyí ó wù kí a lò, oṣù kẹjọ ni ó dára jù, nígbà tí ìdin ṣì kéré tí ó sì wà nítòsí òkè ilẹ̀. Bí òtútù bá dé, wọn a sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi máa di oṣù karùn-ún ọdún kejì, wọ́n ti tóbi, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣíwọ́ oúnjẹ, oògùn kì í sì fi bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n mọ́.